Àkọsílẹ̀ owó òwú: inú káyè ni, àbí inú fóònù?

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ kòkòrò àti ìgbà tó yẹ ká gbin òwú la máa ń bá yín sọ nínú ìwé yìí. Ti òní yàtọ̀. Owó òwú la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá ibi tí a ń kọ owó náà sí àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni mo ń bá pàdé láti ìpàdé kan dé òmíràn: "Ṣé ká pa káyè tì, ká máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù?" Àwọn ọ̀dọ́ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn bàbá á ní rárá, pé fóònù tí iná ti tán nínú rẹ̀, òkúta ni. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ẹni mélòó ló ní àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́? Èyí tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ìwé, ì báà jẹ́ fóònù, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni yẹn lásán ni. Ìgbà tó bá wà lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kì í gbé inú ilé kan náà ló tó di ẹ̀rí.

Láti orí ìwọ̀n dé ọwọ́ yín

Ẹ wo ọ̀nà tí owó òwú ń gbà. Ẹ di òwú wá sí ọjà òwú abúlé. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n yọ ìwúwo aṣọ tí ẹ fi dì í, akọ̀wé kọ iye kílò sílẹ̀, ó sì kọ bóyá ipò kìíní ni òwú náà tàbí ipò kejì. Ọkọ̀ kó o lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya kóró kúrò lára òwú. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n níbẹ̀, ìwọ̀n tiwọn sì lè yàtọ̀ sí ti abúlé. Lẹ́yìn náà ni owó ẹgbẹ́ yóò jáde, wọ́n á yọ owó ajílẹ̀ àti oògùn tí ẹgbẹ́ gbà láwìn, kí wọ́n tó pín ìyókù fún oníkálukú.

Láàárín ọjọ́ ìwọ̀n àti ọjọ́ owó, oṣù lè gorí oṣù. Ní gbogbo àkókò yẹn, òwú kò sí lọ́wọ́ yín mọ́, owó kò sì tíì dé. Àkọsílẹ̀ nìkan ló kù.

Ká ní ẹnì kan mú 1,240 kílò òwú ipò kìíní wá, ká sì ní 300 fránkì ni wọ́n ń ra kílò kan. Owó rẹ̀ jẹ́ 372,000 fránkì. Ká ní gbèsè ajílẹ̀ àti oògùn rẹ̀ jẹ́ 118,500. Ohun tó yẹ kó gbà ni 253,500. Bí 4 tó wà nínú 1,240 bá wá di 1, yálà ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí omi ló kán sí i, 30 kílò ti lọ nìyẹn, 9,000 fránkì sì ti bá a lọ. Kò sí ẹni tó máa pariwo olè nítorí 9,000. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ lọ́dọọdún.

Apá gbèsè tún le ju apá ìwọ̀n lọ, nítorí pé a jọ dúró fún ara wa ni. Bí ẹnì kan kò bá lè san àwìn rẹ̀, ẹgbẹ́ ni yóò san án, ìyẹn ni pé owó òwú yín ni wọ́n máa fi san án. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ àpò ajílẹ̀ mẹ́rin sí orúkọ ẹni tó gba méjì, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti onítọ̀hún nìkan. Ọjọ́ tí ajílẹ̀ dé ló yẹ kí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí mo mọ̀ ń la ojú sílẹ̀ kedere ní ọjọ́ ìwọ̀n, wọ́n sì ń sùn ní ọjọ́ ajílẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ míì ti ja ìjà yìí ṣáájú wa. Ní orílẹ̀-èdè Mali, ní àárín àwọn ọdún 1970, àwọn olówùú fẹ̀sùn kan àwọn tó ń wọ̀n òwú pé ìwọ̀n wọn kò tọ́. CMDT, ilé iṣẹ́ òwú ibẹ̀, wá gbà kí àwọn ará abúlé máa wọ̀n òwú fúnra wọn nínú ẹgbẹ́ abúlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa wọ̀n gbọ́dọ̀ lè kọ, kó sì lè kà. Báyìí ni ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè Bambara ṣe gbilẹ̀ ní àwọn abúlé òwú wọn: èdè ilé wọn ni wọ́n fi kọ́ ìṣirò àti bí a ṣe ń kọ ìwé ìwọ̀n. Ní Benin níbí, orúkọ ẹgbẹ́ abúlé ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà: ó jẹ́ GV, ó di GVPC, ó wá di CVPC lẹ́yìn òfin OHADA lórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010. Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n ìwé ìwọ̀n kò kúrò lórí tábìlì akọ̀wé. Kò sì sí ohun tó sọ pé èdè Faransé la gbọ́dọ̀ fi ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sí etí ìpàdé.

Ohun tí káyè fi dára, àti ohun tí ń pa á

Káyè kì í béèrè iná, kì í béèrè réseau. Gbogbo ẹni tó dúró ti ìwọ̀n ló ń rí i bí akọ̀wé ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka sí i. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé ẹni tó bá yí nọ́ńbà padà nínú ìwé máa ń fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀: bíkì míì, ìlà tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi nǹkan ha ìwé.

Kí ojú ọgbẹ́ yẹn lè hàn, ẹ fi bíkì kọ ọ́, ẹ má fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. Bí akọ̀wé bá ṣe àṣìṣe, kó fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀, kí ohun tó wà lábẹ́ ìlà ṣì ṣeé kà, kó kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí òun àti olówùú náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oje funfun pa nọ́ńbà rẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́.

Ẹ kọ kílò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní nọ́ńbà, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé èyí máa ń ni àwọn akọ̀wé lára. Àwọn àgbà á pe 1,240 ní òjìlélẹ́gbẹ̀fà láìronú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé lè má mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ẹ kàn kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe tẹ̀ lé ara wọn: ení, èjì, ẹ̀rin, òdo. Ó rọrùn láti sọ 4 di 1, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹnì kan ṣe lè sọ "ẹ̀rin" di "ení" tí a kò ní mọ̀.

Kí ọjà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ewé káyè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kọ iye ojú ewé sí iwájú rẹ̀, kí alága, akápò àti ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó fọwọ́ sí i. Ewé tí wọ́n bá fà ya yóò fi àlàfo sílẹ̀ nínú nọ́ńbà. Ẹ sì fún oníkálukú ní ìwé kékeré tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ọjọ́, kílò àti ipò òwú. Ìwé kábọ́ọ̀nù máa ń jẹ́ kí èyí yá, nítorí pé kíkọ ẹ̀ẹ̀kan ló ń di méjì, àwọn méjèèjì sì máa ń bá ara wọn mu.

Àwọn ọ̀tá káyè, ẹ mọ̀ wọ́n: ikán, eku, iná àti òjò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ń wọ̀n òwú, a sì máa ń gbàgbé pé òjò lè ti bẹ̀rẹ̀ kí owó tó dé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni ibi ìwé ẹgbẹ́. Ẹ fi ọ̀rá dì í, ẹ gbé e sínú àpótí páànù tó ní kọ́kọ́rọ́, kí àpótí náà má sì fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri, nítorí ikán. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé-ẹ̀rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ máa ń pọ̀ jáde: ooru ló fi tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sórí rẹ̀, ooru náà ló sì máa pa á rẹ́. Kó tó pẹ́, yóò ti di ìwé funfun lásán. Ẹ da nọ́ńbà inú rẹ̀ kọ ní ọjọ́ tí ẹ gbà á.

Fóònù méjì ló wà nínú fóònù kan

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Nígbà tí a bá ní "ó wà nínú fóònù", ohun méjì tó yàtọ̀ pátápátá la lè ní lọ́kàn.

Èkíní ni owó tó gba orí MTN MoMo, Moov Money tàbí Celtiis Cash wá. Bí owó bá ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ sí ọ̀dọ̀ yín báyìí, ilé iṣẹ́ fóònù fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, iye, àti nọ́ńbà tirẹ̀. Akọ̀wé kò lè pa á rẹ́, ẹ̀yin náà kò lè pa á rẹ́. Bí fóònù yín bá tilẹ̀ já sínú kànga, àkọsílẹ̀ náà wà níbi tó wà. Ẹni kẹta tí kò mọ ìjà abúlé wa ló ń tọ́jú rẹ̀, ohun rere sì ni.

Èkejì ni tábìlì tí akọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìyẹn yá, ó sì ń ṣírò fúnra rẹ̀ láìṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ní, kò ní in. Bí 4 bá di 1 nínú rẹ̀, kò sí ojú ọgbẹ́. Yóò mọ́ roro bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ọjọ́ ìwọ̀n. Òfin wa tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, gbà pé àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ lè jẹ́ ẹ̀rí bíi ti ìwé, bí a bá lè mọ ẹni tó kọ ọ́, tó sì dájú pé a kò yí i padà. Tábìlì akọ̀wé, bí ó ti sábà máa ń rí, kò lè fi èyí tó kẹ́yìn yẹn hàn.

Ẹgbẹ́ kan wà tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ abúlé wọn. Akọ̀wé wọn, ọ̀dọ́ tó já fáfá, kó gbogbo àkọsílẹ̀ sínú fóònù rẹ̀, ó sì dá káyè dúró ní àárín ọjà. Kò ní ète búburú. Ó ṣubú lórí alùpùpù lójú ọ̀nà Pobè, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n fóònù fọ́ yángá. Kò sí ẹlòmíràn tó ní tábìlì náà. Nígbà tí owó dé, odidi ọjọ́ méjì la fi jókòó lábẹ́ igi máńgò, tí à ń béèrè lọ́wọ́ oníkálukú pé kí ló rántí. Àwọn tó ti tọ́jú ìwé kékeré tiwọn mú un jáde, ọ̀rọ̀ tiwọn sì parí níbẹ̀. Àwọn tí kò ní in bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Bí a ti ń pín owó tó kù fún wọn, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ẹni méjì sì kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dún yẹn.

Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ láti ìgbà yẹn kò le. Ẹ kọ káyè. Ní ìparí ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ tó kó òwú lọ, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé ọjọ́ náà, kí nọ́ńbà rẹ̀ àti gbogbo ìlà rẹ̀ hàn dáadáa. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹni méjì míì tí wọn kì í ṣe ẹbí akọ̀wé, ó sàn kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ará ìgbìmọ̀ alábòójútó. Ọjọ́ àti wákàtí á wà lára iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tó bá fẹ́ yí nọ́ńbà padà ní láti yí i nínú káyè àti nínú fóònù mẹ́ta. Bí káyè jóná, fọ́tò wà. Bí fóònù fọ́, káyè wà. Tábìlì kọ̀ǹpútà lè wá tẹ̀ lé e fún ìṣirò, kó máa ti inú káyè jáde, kó má ṣe rọ́pò rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni méjì mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀.

SIM ta ni?

Mo ní ilé iṣẹ́ fóònù ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa fi hàn? Ẹni tí SIM wà lórúkọ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní oko òwú tiyín, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù níbí. Mo mọ ìyá kan tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló fi orúkọ ara rẹ̀ gba SIM fún un. Ọmọ lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, fóònù sọnù ní ọjà, owó òwú wà nínú rẹ̀. Wọn kò lè fún ìyá ní SIM míì, nítorí pé orúkọ tó wà lórí ìwé wọn kì í ṣe tirẹ̀, ohun tí òfin sì sọ nìyẹn. Owó náà dúró síbẹ̀ títí ọmọ fi dé. Bí ọmọ náà bá kú sí ọ̀nà ńkọ́?

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kí akọ̀wé wò ó bóyá orúkọ tó ń jáde lórí nọ́ńbà fóònù bá orúkọ tó wà nínú ìwé ìwọ̀n mu. Bí ìyá ló ni òwú, orúkọ ìyá ni kó wà nínú káyè, kí nọ́ńbà ìyá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí SIM yín kò bá tíì sí lórúkọ yín, ẹ tètè ṣe é nísinsìnyí tí owó kò tíì dé.

Nọ́ńbà àṣírí yín kò yẹ kó dé etí ẹnikẹ́ni: ọmọ ilé-ìwé tó ń bá yín tẹ fóònù kọ́, ẹni tó ń sanwó ní kíósìkì kọ́, ẹni tó pè yín tó ní láti ilé iṣẹ́ fóònù lòun ti ń pè kọ́. Ilé iṣẹ́ fóònù kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí. Bí iṣẹ́ kan bá sì wọlé sórí fóònù pé owó ti dé, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé akápò. Ẹnikẹ́ni lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó wà nínú àpò owó yín fúnra yín. Bí ó bá pé, ẹ wá tẹ̀ka.

Kí ló yẹ kí gbogbo ènìyàn rí?

Àwọn kan ní kí gbogbo ìwé ẹgbẹ́ wà ní gbangba, nítorí pé inú òkùnkùn lolè ń gbé. Àwọn míì kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó wọn mọ iye tí wọ́n gbà. Lójú tèmi, kílò kì í ṣe àṣírí: gbangba la ti wọ̀n ọ́n, ẹ kà á sókè. Gbèsè ajílẹ̀ náà kì í ṣe àṣírí láàárín ọmọ ẹgbẹ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé a jọ máa san án ni. Ẹ kà á ní ìpàdé, ní Yorùbá, kí owó tó dé, kí ẹni tó bá ní àríyànjiyàn sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì ṣeé tún ṣe.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ àti fọ́tò káàdì náà, ìyẹn kò kan ẹlòmíràn. Mo ti rí i tí wọ́n ju odidi àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú WhatsApp tí ẹni tó lé ní ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀: orúkọ, iye owó, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ tí owó máa wọlé. Olè kò nílò ju ìyẹn lọ. Òfin ọdún 2018 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ ara ẹni bẹ́ẹ̀, APDP sì ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o ní Cotonou. Fọ́tò ojú ewé ìwọ̀n tí mo ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹni méjì péré ni. Kí àwọn nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà nínú ìwé ọ̀tọ̀, nínú àpótí.

Bí omi bá wọ káyè

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ má bínú sọ ọ́ nù. Ọ̀rọ̀ tí a fi bíkì kọ sábà máa ń yè nínú omi, èyí tí a fi gègé oníyíǹkì kọ ni ó máa ń ṣàn. Ẹ má sá a sí oòrùn gangan, ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná, nítorí pé ewé rẹ̀ á ká jọ, á sì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ má fi ipá ya ewé tó lẹ̀. Ẹ fi ìwé funfun tó gbẹ sáàárín àwọn ewé, ẹ ṣí i síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òrùlé, ẹ máa pààrọ̀ ìwé funfun náà bí ó ti ń mu omi. Bí ewé kọ̀ọ̀kan bá ti ń gbẹ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ara yín, akọ̀wé, akápò àti ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó, kí ẹ dà á kọ sínú káyè tuntun, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dà á kọ sí i, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Ẹ má sun ti àtijọ́. Ọdún 10 ni òfin OHADA ní ká fi tọ́jú ìwé owó, ẹ fi káyè tó ti rọ náà sínú ọ̀rá, kí ó wà lábẹ́ tuntun nínú àpótí.